Ipa tí Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ ń Kó Nínú Ìwòsàn Ọpọlọ tí ó Fara Pa

1.0 Ìfáárà

Bí egungun ènìyàn bá dá, tí teguntegun sì tò ó dáadáa, yóò so. Bí awọ ara bá bó, awọ mìíràn a hù dípò rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dànù níwọ̀nba, ara a pèsè òmíràn. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ kọlù tí ó fi orí gbá ilẹ̀, tàbí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúró lójijì, lè pàdánù ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, agbára apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí ìrántí rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé díẹ̀ nínú ohun tí ó sọnù ni yóò padà. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹbí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń gbé síwájú oníṣègùn: ǹjẹ́ ohun tí ó bàjẹ́ nínú ọpọlọ lè tún hù?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ọ̀nà méjì ni òwe yìí là sílẹ̀ fún ohun tí ó bá kú. Àwọn mìíràn wà tí àmì nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń fi arọ́pò sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọ̀rúndún ogún, ọ̀nà ti iná ni àwọn onímọ̀ gbà pé ọpọlọ àgbàlagbà ń tọ̀: sẹ́ẹ̀lì tí ó bá kú níbẹ̀, àpá ni yóò fi sílẹ̀, kò ní fi ọmọ sílẹ̀. Ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962 ni ó kọ́kọ́ mú kí àwọn kan máa rò ó pé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè wà nínú ọpọlọ pẹ̀lú.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni wọ́n ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọpọlọ. Ète pépà yìí ni láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n jẹ́, ibi tí wọ́n ń gbé, ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọpọlọ bá fara pa, àti ibi tí agbára wọn mọ. Kókó tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ arọ́pò bí kò ṣe iṣẹ́ alágbàtọ́, àti pé ẹni tí ń wá ìwòsàn ní láti mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì.

2.0 Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ tí ó Ṣe Kókó

2.1 Ọpọlọ tí ó fara pa

Nǹkan bí bílíọ̀nù 86 níúrọ́ọ̀nù ni ó wà nínú ọpọlọ àgbàlagbà. Níúrọ́ọ̀nù ni sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ọwọ́ fi ń gbé òkèlè dé ẹnu, tí ojú fi ń dá ènìyàn mọ̀, tí ẹnu sì fi ń sọ ohun tí ọkàn rò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn wà pẹ̀lú wọn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń bọ́ níúrọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́, tí wọ́n ń fi ọ̀rá wé okùn ara wọn kí iṣẹ́ lè tètè dé, tí wọ́n sì ń dí ojú ọgbẹ́.

Ìpele méjì ni ìfarapa ọpọlọ máa ń ní. Èkíní ni ti ojú ẹsẹ̀: orí gbá nǹkan líle, iṣan ẹ̀jẹ̀ já tàbí kí ó dí, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n wà níbẹ̀ sì kú. Èkejì ni èyí tí ó ń tẹ̀ lé e fún wákàtí àti ọjọ́ mélòó kan. Ọpọlọ a wú, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kú a sì máa da èròjà tí ó ń pa aládùúgbò wọn síta. Ìpele kejì yìí ni iṣẹ́ abẹ àti oògùn lè dá sí. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni E. Latunde Odeku, ọmọ ìlú Awẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní 1962, nígbà tí ó dé láti Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ète irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ni láti gba ohun tí ó ṣẹ́kù là. Kò sí ìrètí nígbà náà pé ohun tí ó ti kú yóò ní arọ́pò.

2.2 Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀

Ìwà méjì ni ó mú kí sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Èkíní ni pé ó lè pín ara rẹ̀, kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sì dúró gẹ́gẹ́ bí òun gan-an, kí ìdí má baà parun. Èkejì ni pé àwọn ọmọ yòókù lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọpọlọ lè bí níúrọ́ọ̀nù, ó sì lè bí àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn.

Kì í ṣe ibi gbogbo nínú ọpọlọ àgbàlagbà ni wọ́n wà. Ibùdó méjì ni ó gbajúmọ̀ jù. Ọ̀kan wà ní ẹ̀bá ihò olómi tí ó wà láàárín ọpọlọ. Èkejì wà nínú hipokáńpọ́ọ̀sì, apá ọpọlọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ìrántí. Ní ibùdó méjèèjì, púpọ̀ nínú wọn ni ó ń sùn títí ohun kan yóò fi jí wọn. Ìfarapa sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó lè jí wọn.

3.0 Bí Ìmọ̀ Yìí Ṣe Dé

Santiago Ramón y Cajal, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906, ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé níúrọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀. Òun náà ni ó kọ́ni pé ọpọlọ àgbàlagbà kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Nítorí pé ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di òfin.

Ní 1962, ọdún kan náà tí Odeku dé Ìbàdàn, Joseph Altman gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Ó fún eku ní èròjà kan tí ń tan ìtànṣán, èyí tí sẹ́ẹ̀lì kì í gbà sínú DNA rẹ̀ àfi ìgbà tí ó bá fẹ́ pín ara rẹ̀. Nígbà tí ó wo ọpọlọ àwọn eku náà, ó rí àmì èròjà yìí nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó jọ níúrọ́ọ̀nù. Ní 1965, òun àti Gopal Das ṣàlàyé pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú hipokáńpọ́ọ̀sì eku. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí. Ní 1977, Michael Kaplan fi maikirosikóòpù tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn pé níúrọ́ọ̀nù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ní tòótọ́. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n gbà á kò pọ̀.

Àwọn ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ yí ọkàn ọ̀pọ̀ padà. Ní 1983, Fernando Nottebohm àti Steven Goldman fi hàn pé níúrọ́ọ̀nù tuntun ń jáde nínú ọpọlọ ẹyẹ kánárì tí ó ti dàgbà, ní apá tí ó ń darí orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1985 Pasko Rakic ròyìn pé òun kò rí irú rẹ̀ nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Ní 1992 ni Brent Reynolds àti Samuel Weiss, ní ìlú Calgary ní Kánádà, mú sẹ́ẹ̀lì láti inú ọpọlọ èkúté àgbà, wọ́n tọ́jú rẹ̀ nínú àwo, ó sì bí níúrọ́ọ̀nù àti sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn. Báyìí ni ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fara hàn. Ní 1999, Rakic fúnra rẹ̀ àti David Kornack ròyìn níúrọ́ọ̀nù tuntun nínú hipokáńpọ́ọ̀sì ọ̀bọ àgbà. Èyí fi hàn pé nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ẹ̀rí ni àgbà; ẹni tí ó bá sì rí ẹ̀rí tuntun kò gbọdọ̀ tijú láti tẹ̀ lé e.

4.0 Iṣẹ́ Wọn Nígbà tí Ọpọlọ Bá Fara Pa

4.1 Iṣẹ́ arọ́pò

Ìwádìí kan tí ó kúnjú òṣùwọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí Andreas Arvidsson, Olle Lindvall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní ìlú Lund ní Swídìn, tí ó jáde ní 2002. Wọ́n dí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ eku, bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àrùn rọpárọsẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní ẹ̀bá ihò olómi pọ̀ sí i, wọ́n sì gbéra lọ sí ibi tí ọgbẹ́ wà, bí ẹni pé wọ́n gbọ́ igbe. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn kan nínú wọn di irú níúrọ́ọ̀nù tí ó kú níbẹ̀ gan-an.

Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún àwọn níúrọ́ọ̀nù tuntun náà tí wọ́n kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà ṣírò rẹ̀, ìwọ̀n 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó rọ́pò àwọn tí ó ti kú. Èyí já sí pé nínú ẹgbẹ̀rún níúrọ́ọ̀nù tí ó lọ, méjì ni ó padà ní arọ́pò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tó oko.

4.2 Iṣẹ́ alágbàtọ́

Bí arọ́pò bá kéré tó báyìí, ó yẹ kí ènìyàn béèrè bóyá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wúlò rárá. Ọ̀nà tí ó dára jù láti dá ìbéèrè yìí lóhùn ni láti mú wọn kúrò, kí á sì wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí ó jáde ní 2011, Cory Blaiss, Steven Kernie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo èkúté tí wọ́n ti yí àbùdá wọn padà, débi pé oògùn kan lè pa àwọn ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wọn bá ń bí, láì pa àwọn níúrọ́ọ̀nù tí ó ti gbó. Lẹ́yìn tí orí àwọn èkúté náà ti fara pa, àwọn tí wọ́n dínà ọmọ fún kò lè kọ́ ibi tí àtẹ́gùn ìsinmi wà nínú agbada omi bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Nítorí náà, bí wọn kò tilẹ̀ pọ̀, àwọn níúrọ́ọ̀nù tuntun inú hipokáńpọ́ọ̀sì ní ipa nínú ìpadàbọ̀ agbára ìkẹ́kọ̀ọ́ èkúté.

Ní 2013, Eric Benner, Chay Kuo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Duke fi ipa mìíràn hàn. Nígbà tí ọpọlọ èkúté fara pa, àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀bá ihò olómi bẹ̀rẹ̀ sí bí sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn dípò níúrọ́ọ̀nù, wọ́n sì rán wọn lọ sí ojú ọgbẹ́. Níbi tí wọ́n ti dí àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́, àpá ọgbẹ́ náà kò dára, ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú ọpọlọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpá tí wọ́n ti ń wò tẹ́lẹ̀ bí eérú lásán wá di ògiri tí kò jẹ́ kí ìparun náà tàn kálẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn a máa tú èròjà síta tí ó ń ran níúrọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ láti yè, tí ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù, tí ó sì ń pẹ̀tù sí ara wíwú. Bí ó bá jẹ́ agbo ilé ni, wọn kò jọ àrẹ̀mọ tí ó jókòó sí àyè bàbá rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe jọ ìbátan tí ó wá tọ́jú àwọn ọmọ òrukàn, tí ó tún ògiri mọ, tí ó sì dá iná fún wọn.

4.3 Ibi tí ewu wà

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tuntun ni ó ń ṣe ilé ní rere. Lẹ́yìn ìfarapa tàbí gìrì líle, àwọn níúrọ́ọ̀nù tuntun kan nínú hipokáńpọ́ọ̀sì ẹranko a máa ṣìnà, wọn a gbé ibi tí kì í ṣe tiwọn, wọn a sì so okùn wọn mọ́ ibi tí kò yẹ. Ní 2015, ìwádìí lórí èkúté fi hàn pé dídínà fún irú ìbímọ bẹ́ẹ̀ mú kí gìrì wárápá dínkù. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ni ó jà jù. Kí wọ́n dé ibi tí ó yẹ, kí wọ́n sì bá àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ṣọ̀kan, ni ó jà jù.

5.0 Àríyànjiyàn Lórí Ọpọlọ Ènìyàn

Eku kì í ṣe ènìyàn. Ní 1998, Peter Eriksson, Fred Gage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ ọpọlọ àwọn aláìsàn jẹjẹrẹ márùn-ún wò lẹ́yìn ikú wọn. Nígbà ayé wọn, wọ́n ti gba èròjà kan tí ń sàmì sí sẹ́ẹ̀lì tí ń pín ara rẹ̀. Àmì náà wà nínú níúrọ́ọ̀nù hipokáńpọ́ọ̀sì wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 57.

Ní 2013, Kirsty Spalding, Jonas Frisén àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Swídìn gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n dán wò lójú òfuurufú títí di 1963 ti mú kí irú kábọ́ọ̀nù kan pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, láti ibẹ̀ ó wọ inú oúnjẹ, ó sì wọ inú DNA ènìyàn. Nípa wíwọn kábọ́ọ̀nù yìí, wọ́n lè mọ ọdún tí wọ́n bí sẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé níúrọ́ọ̀nù bí 700 ni ó ń dé sínú hipokáńpọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́.

Ní 2018, ọ̀rọ̀ náà tún dàrú. Shawn Sorrells, Arturo Alvarez-Buylla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn pé àwọn kò rí níúrọ́ọ̀nù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú hipokáńpọ́ọ̀sì àgbàlagbà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Maura Boldrini àti àwọn tirẹ̀ ròyìn pé àwọn rí wọn títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Apá kan nínú ìdí àríyànjiyàn náà ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọpọlọ òkú: bí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó fi sínú oògùn, tàbí bí ó bá pẹ́ jù nínú oògùn náà, àmì tí wọ́n ń wá a parẹ́. Ní 2025, ẹgbẹ́ Frisén fi ọ̀nà ìgbàlódé tí ó ń ka àbùdá sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pín ara wọn nínú hipokáńpọ́ọ̀sì àgbàlagbà, ṣùgbọ́n iye wọn yàtọ̀ gan-an láti ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Kódà bí iye 700 náà bá péye, ó yẹ kí á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Jeffrey Saver ṣírò rẹ̀ ní 2006 pé nínú àrùn rọpárọsẹ̀ tí ó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, tí wọn kò sì tọ́jú, mílíọ̀nù 1.9 níúrọ́ọ̀nù ni ó ń kú ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Hipokáńpọ́ọ̀sì méjèèjì yóò lo ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bí iye tí ó kú ní ìṣẹ́jú kan yẹn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í tilẹ̀ ṣe fún ibòmíràn ju ilé tiwọn lọ.

6.0 Gbígbin Sẹ́ẹ̀lì Láti Ìta

Nígbà tí ti abẹ́lé kò tó, àwọn oníṣègùn ronú láti gbin ti ìta. Ní ìlú Glasgow, wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọpọlọ sínú orí ọkùnrin 11 tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú sẹ́yìn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016: sẹ́ẹ̀lì náà kò pa wọ́n lára, ara àwọn kan sì yá díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kejì tí wọn kò fún ní nǹkan kan, tí wọn ìbá fi wé wọn; nítorí náà kò ṣeé ṣe láti sọ pé sẹ́ẹ̀lì náà ni ó ṣe é. Ní 2024, ìjọba Jàpáánù fi àṣẹ onígbèdéke sí ìtọ́jú kan fún àwọn tí ìfarapa orí ti sọ di aláìlágbára ní apá tàbí ẹsẹ̀. Inú mùdùnmúdùn egungun ni sẹ́ẹ̀lì ti ìtọ́jú yìí ti wá. Wọn kì í di níúrọ́ọ̀nù. Alágbàtọ́ ni àwọn náà.

Ẹ̀wẹ̀, ìbànújẹ́ wà nínú ìtàn yìí. Ọmọdékùnrin ará Ísírẹ́lì kan tí àìsàn àjogúnbá ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ni wọ́n gbé lọ sí Mọsíkò láti 2001, níbi tí wọ́n ti gún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti ara oyún sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Ní 2005, wọ́n rí kókó ẹran nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Àyẹ̀wò tí ó jáde ní 2009 fi hàn pé kì í ṣe ara rẹ̀ ni kókó náà ti hù, bí kò ṣe ara sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn. Agbára pípín ara ẹni tí ó mú kí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ níyì ni ó sọ ọ́ di ewu. Ẹni tí ó bá ń polówó sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ fún gbogbo àìsàn, tí ó ń gba owó ńlá, tí kò sì ní ẹ̀rí kankan láti fi hàn, ó yẹ kí ẹbí aláìsàn sá fún un.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ọpọlọ kì í ṣe iná pátápátá, kì í sì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ pátápátá. Ó ní ìdí tí ń bímọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kéré, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í pẹ́ láyé. Ohun tí wọ́n lè ṣe dáadáa ni láti dáàbò bo ohun tí ikú ṣẹ́ kù. Púpọ̀ nínú ìyípadà rere tí ẹbí ń rí lára aláìsàn láti oṣù dé oṣù, láti ọwọ́ àwọn níúrọ́ọ̀nù àtijọ́ tí ó yè ni ó ti ń wá: wọ́n ń so okùn tuntun, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tí ó lọ.

Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀yìn èyí yọ. Àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú ṣe iyebíye: ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tí apá rẹ̀ rọ lójijì, tàbí tí ó fi orí gbá ilẹ̀ tí ó dákú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá gbà là ju èyí tí wọ́n ń retí pé yóò hù lọ. Èkejì, kíkọ́ aláìsàn ní ìrìn, ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ láì káàárẹ̀ kì í ṣe àṣedànù. Òun ni ó ń kọ́ níúrọ́ọ̀nù tí ó kù ní iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀kẹta, ìrètí tí ó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jẹ́ ìrètí tòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí. Bí wọ́n bá rí ọgbọ́n tí àwọn ọmọ tuntun náà yóò fi yè, tí wọn yóò fi dé ibi tí ó yẹ, tí wọn kò sì ní di kókó, nígbà náà ni iṣẹ́ alágbàtọ́ yóò lè di iṣẹ́ arọ́pò. Títí di ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní orí ni kí ó máa ṣọ́ ọ.